Táyà Tí Ń Sinmi, Gbígbó Ni Ó Ń Gbó

Ọkọ̀ kan wà ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ní ilẹ̀ wa tí kì í ṣe ọkọ̀ iṣẹ́, tí kì í sì í ṣe ọkọ̀ ọjà. Abẹ́ àtíbàbà ni ó máa ń wà, tí a fi tapólì bò ó. Ó lè jẹ́ Peugeot 504 tí bàbá ọkọ ẹni rà nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó sì lè jẹ́ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, tí ọkọ ẹni fi ọdún méjì wá kiri kí ó tó rí i rà. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ti Peugeot ní Kàdúná, ti Volkswagen ní Èkó. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin fẹ́ràn wọn dé inú egungun: òun ni wọ́n fi gbé àwọn fúnra wọn lọ sí ilé ìwé, òun ni wọ́n sì fi gbé ìyá wọn wálé láti ilé ìgbẹ̀bí.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún: ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìsìnkú àgbà, ọjọ́ ọdún. Bàbá àwọn ọmọ a fọ̀ ọ́, a nù ún, a sì kùn ún títí yóò fi máa dán gbinrin. Nígbà náà ni yóò wá pe ìyàwó àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n wọlé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ sọ lónìí dá lórí ohun mẹ́rin tí ó gbé gbogbo wa dúró ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bojú wò. Táyà ọkọ̀ náà ni.

OHUN TÍ BÀBÁ FỌKANÁÍSÀ FI HÀN MÍ

Ní ọdún 2023, a fẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, èyí tí í máa wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìbàdàn ni a ń gbé. Ọkọ mi ti pinnu pé inú 504 tí bàbá òun fi sílẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ òun yóò ti rí òun. Aṣọ ẹgbẹ́ ti wà lọ́rùn, gèlè ti wà lórí, àwọn ọmọ méjì ti jókòó sẹ́yìn, àbíkẹ́yìn sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni kí a fẹ́ táyà.

Bàbá tí ó máa ń fẹ́ táyà ní ìkóríta àdúgbò wa kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà. Ó lóṣòó ti táyà ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé okùn afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọ̀gá,” ni ó wí fún ọkọ mi, “ọdún wo ni ẹ ra táyà yìí?”

Ọkọ mi dáhùn pé, “Ó ti pẹ́ díẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀. Kò tí ì jẹ rárá. Ọkọ̀ náà kì í jáde.”

Bàbá náà mi orí. “Nítorí pé kì í jáde náà ni mo ṣe ń béèrè.” Ó wá kọjú sí mi. “Ìyàwó wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ wá wo nǹkan.”

Mo gbé ọmọ kọ́ èjìká, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó fi èékánná tọ́ka sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà: 3311. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Ọdún méjìlá kù díẹ̀! Ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo ti tẹ̀ ẹ́, ni mo rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí ó là káàkiri ara rọ́bà náà bí ilẹ̀ akúrọ̀ tí ọ̀dá mú.

“Mo lè fẹ́ ẹ,” ni Bàbá wí, “yóò sì gba afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ ẹ fún ẹni tí yóò kó ọmọ wẹ́wẹ́ gba ọ̀nà Ìdí-Ayunrẹ́ àti Mámù nínú oòrùn.”

Ọkọ mi bínú. Ó ní bàbá náà ń wá ẹni tí yóò ra táyà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Èmi náà, kí n má purọ́, inú mi kò dùn, nítorí mo ti ń fi ojú inú wo bí a ó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà níwájú àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ń mí sí mi lọ́rùn. Mo ní, “Dádì Tóyìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ èrò lónìí.” Ó wò mí, ó wo ọmọ, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ọkọ̀ èrò ni a wọ̀ lọ.

ÈÉṢE TÍ OHUN TÍ KÒ ṢIṢẸ́ FI Ń GBÓ?

Ìbéèrè tí ọkọ mi bi mí ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyí, ìbéèrè gidi sì ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìdáná wa. Ẹ rántí orí rọ́bà ìgò tí a fi ń fún ọmọ ní wàrà. Bí ẹ bá tọ́jú èyí tí àkọ́bí lò sínú dúrọ́ọ̀ títí di ìgbà ọmọ kẹta, ẹ ó bá a tí ó ti ń lẹ̀ mọ́wọ́ tàbí tí ó ti sán. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹnu ọmọ kankan kò kàn án láti ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni rọ́bà tí a fi ń di owó: ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ẹ fà á, yóò já.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ni ó ń jẹ rọ́bà díẹ̀díẹ̀. Ooru a máa mú un yára, ìtànṣán oòrùn a sì máa ràn án lọ́wọ́. Oríṣi afẹ́fẹ́ mìíràn tún wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ozone, èyí tí í máa la rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tí ń ṣe táyà mọ èyí, nítorí náà wọ́n a máa po ìda àti oògùn mọ́ rọ́bà láti dáàbò bò ó. Nígbà tí táyà bá ń yí lójú ọ̀nà, tí ó ń tẹ̀, tí ó sì ń nà, ìda náà a máa jáde díẹ̀díẹ̀ wá sí ojú rọ́bà, bí ọ̀rá ara ti í mú awọ ènìyàn jọ̀lọ̀. Táyà tí ó dúró sójú kan kì í rí àǹfààní yìí tó. Ìsinmi tí a rò pé ó ń dá a sí gan-an ni ó ń gba ààbò lára rẹ̀.

Ti ẹrù tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ bíi 504 wúwo ju ẹgbẹ̀rún kìlógíráàmù lọ. Bí ó bá dúró fún oṣù mẹ́ta, ojú kan náà lára táyà kọ̀ọ̀kan ni ó ń ru gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ náà a máa jò díẹ̀díẹ̀ láìsí ihò. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa gbóná gidigidi lójú ọ̀nà, ooru náà ni ó sì ń mú un bẹ́.

Ewu tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ojú kò lè rí i. Táyà ọkọ̀ tí ń jáde lójoojúmọ́, ìlà ojú rẹ̀ a ti jẹ tán kí ogbó tó dé; òun fúnra rẹ̀ ni í sọ pé kí a pààrọ̀ òun. Ti ọkọ̀ tí ń sinmi kì í sọ̀rọ̀. Ìlà ojú rẹ̀ a jinlẹ̀ bí ti ọjọ́ tí a rà á, nígbà tí ara rẹ̀ ti kú sínú. Obì tí ó dán lójú tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán ni.

ABIYAMỌ KAN NÍ LIVERPOOL

Frances Molloy, abiyamọ kan ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo ń sọ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Michael, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ńlá láti ibi àjọ̀dún orin kan ní erékùṣù Isle of Wight. Nítòsí Hindhead ní Surrey, táyà iwájú kan bẹ́, bọ́ọ̀sì náà sì yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ kọlu igi. Ènìyàn mẹ́ta ni ó kú, Michael sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ táyà náà wò, wọ́n rí i pé ó ti lé ní ọdún 19. Síbẹ̀, ìlà ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ tó bí òfin ṣe fẹ́, nítorí òfin ìgbà náà kò béèrè ọjọ́ orí.

Ìyá yìí kò jókòó sínú ẹkún. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kan ilẹ̀kùn àwọn aṣòfin àti àwọn mínísítà, títí òfin tuntun fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021. Láti ọjọ́ náà, táyà tí ó bá ti ju ọdún 10 lọ kò gbọdọ̀ sí níwájú bọ́ọ̀sì ńlá tàbí lọ́rì ní England, Scotland àti Wales.

Bọ́ọ̀sì akérò ni ìyẹn. Ti ọkọ̀ afẹ́ pàápàá kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2013, Paul Walker, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, kú ní California nínú Porsche Carrera GT kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wà. Eré àsápajúdé ni àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé táyà ọkọ̀ náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì sọ pé gbígbó rẹ̀ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà di ilẹ̀ mú.

BÍ A ṢE Ń KA ỌJỌ́ ORÍ TÁYÀ

Ẹ kò nílò ìwé ẹ̀rí mekáníìkì láti ka èyí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn a tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n mẹ́rin ìkẹyìn ni kí ẹ wò. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tí ó gbẹ̀yìn ni ọdún. 0822 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2022. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin náà ní ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú síta, ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀ ni ó wà; ẹ ní kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé mẹ́ta péré ni nọ́ńbà náà, wọ́n ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé. Èyí kò gba àríyànjiyàn, kí a yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni à ń kà. Ọjọ́ tí a rà á kọ́. Táyà lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́ta kí ọkọ yín tó sanwó rẹ̀, tòkunbọ̀ sì lè ti lo ọdún méje ní òkè òkun kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté. Ẹ má sì gbàgbé táyà ẹ́sítírà tí ó wà nínú búùtù. Òun ni í sábà dàgbà jù lọ nínú wọn.

ÌGBÀ WO GAN-AN NI KÍ A PÀÀRỌ̀ RẸ̀?

Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò sójú kan. Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn FRSC, a máa kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo táyà ju ọdún mẹ́rin lọ sí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní òkè òkun, púpọ̀ nínú wọn a máa dá ọdún mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ Michelin ní kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn tí a bá ti lò ó fún ọdún márùn-ún, kí a sì yọ ọ́ kúrò ní ọdún 10, bí ó ti wù kí ó dára lójú tó.

Èwo ni kí a tẹ̀ lé? Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ooru ni í mú ogbó rọ́bà yára, inú ooru ni a sì ń gbé láti January títí dé December. Ọdún mẹ́rin ni mo fara mọ́ fún ọkọ̀ tí yóò kó ọmọ lọ sí ìrìn àjò. Ọkọ̀ tí ó bá ti kọjá ọdún náà, kí ó jókòó sílé títí owó táyà yóò fi pé.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò béèrè ọjọ́ orí rárá. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá là wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Bí ibì kan bá wú lára rẹ̀ bí eéwo. Bí wáyà bá yọjú. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ń dínkù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tàbí bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tí ó ti rìn fún ìgbà díẹ̀, kí ó má rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Táyà ọdún méjì pàápàá lè ní àwọn àmì wọ̀nyí.

BÍ A ṢE LÈ MÚ KÍ Ó PẸ́

Ogbó kò ṣeé dá dúró, ṣùgbọ́n a lè má fi kún un. Ẹ rọ ọkọ yín kí ó máa wa ọkọ̀ náà jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ó gbóná, kí táyà sì yí. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó. Kí a máa yẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò lóṣooṣù, kí ó tó bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe sọ. Kí òrùlé tàbí aṣọ bò ó kúrò nínú oòrùn. Kí ó má wà nítòsí jẹnẹrétọ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń jó irin, nítorí afẹ́fẹ́ ozone a máa jáde níbẹ̀. Kí a má fi epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì nù ún kí ó lè dán. Omi àti ọṣẹ tó o.

Bí ọkọ̀ yóò bá dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn kan a máa gbé e lé orí irin ìdúró kí ẹrù lè kúrò lórí táyà. Ó dára, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a má fi jáàkì nìkan tàbí búlọ́ọ̀kù gbé e dúró láéláé, kí ọmọ kankan má sì ṣeré lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ ÀTI Ọ̀RỌ̀ ỌKỌ

Mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín. Owó táyà mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré, owó ilé ìwé sì ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọkọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń wá oúnjẹ. Ó lè dúró. Ohun tí kò dára ni kí a máa ra táyà kọ̀ọ̀kan lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, nítorí kí ìkẹrin tó dé, àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ẹ dá àjọ sílẹ̀ fún un, kí ẹ kó o nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin náà lójú ẹni tí ń tà á. Rọ́ọ̀mù 504 jẹ́ íńṣì 14, ti ìjàpá jẹ́ íńṣì 15. Kí a má fi ọ̀kan dípò èkejì.

Bí ẹ ó bá sì sọ ọ́ fún ọkọ yín, ẹ má sọ ọ́ ní ojú ọ̀nà, ẹ má sì sọ ọ́ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe pe ọkọ̀ náà ní àlòkù. Ogún bàbá rẹ̀ ni, ọ̀wọ̀ bàbá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jọ lọ ka nọ́ńbà náà. Èyí tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ kà ni yóò gbà gbọ́. Mo rí i bẹ́ẹ̀ nínú ilé tèmi.

Nígbà tí ẹ bá yọ àwọn ògbólógbòó táyà náà, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ là wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wọn tà fún ọlọ́mọ mìíràn. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí omi òjò gbára jọ sínú wọn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí, ibà ọmọ yín ni ó sì ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì gbà kí alápatà fi wọ́n sun ẹran tàbí pọ̀nmọ́. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹni tí ń mí i, májèlé rẹ̀ a sì máa bá ẹran lọ sínú ìkòkò.

Nígbà tí Iléyá ọdún 2024 ń bọ̀, àjọ mi bọ́ sí ọwọ́ mi ní oṣù tí ó ṣáájú. Ọkọ mi fi tirẹ̀ lé e. Bàbá fọkanáísà náà ni ó de táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi afẹ́fẹ́ sí i láìsọ ọ̀rọ̀ àná. Nígbà tí ó parí, ó kàn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbi tí àwọn ọmọ jókòó sí, ó ní, “Ìyàwó wa, ó yá, ẹ máa lọ ṣọdún.” A lọ, a sì bọ̀. Kí gbogbo ẹ̀yin abiyamọ máa lọ, kí ẹ sì máa bọ̀ pẹ̀lú ọmọ yín.